Bí Ẹ Ṣe Lè Yí Ojú Ìyá Oníwàrà Láì Lo 3D

Ibi tí àṣírí kàtúùnù ti sábà máa ń tú ni ìgbà tí ẹni inú rẹ̀ bá fẹ́ wo ẹ̀gbẹ́. Ó ń sọ̀rọ̀ dáadáa, ẹnu rẹ̀ ń bá ohùn lọ, ọwọ́ rẹ̀ ń jù bó ṣe yẹ. Bí wọ́n ṣe pè é láti apá ọ̀tún báyìí, orí rẹ̀ á fò láti iwájú sí ẹ̀gbẹ́ lójijì, kò ní sí ohunkóhun láàárín méjèèjì. Àwòrán méjì péré ni ẹni tó ṣe é ní, ó sì fi ọ̀kan rọ́pò èkejì.

Ọ̀nà àtijọ́ ni kí ayàwòrán jókòó, kí ó ya gbogbo ohun tó wà láàárín lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dára, ó sì ń wuyì tí ọwọ́ ẹni bá já fáfá, àmọ́ fún ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ nínú yàrá kan ní Tánkẹ̀, ní Ìlọrin, tí oníbàárà sì ń retí iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ta ló fẹ́ ráyè ìyẹn? Ọ̀nà kejì ni 3D, ìyẹn kí a mọ orí náà bí ère sínú kọ̀ǹpútà, èyí tó ń béèrè ẹ̀kọ́ mìíràn pátápátá. Ọ̀nà kẹta ni ti òní: ẹ ya ojú kan ṣoṣo, ẹ pín in sí ègé wẹ́wẹ́, kí ẹ sì jẹ́ kí ègé kọ̀ọ̀kan rìn ní ìwọ̀n tó yẹ ẹ́, títí òǹwòran yóò fi gbà pé orí náà rí roboto. Iye tí ègé kọ̀ọ̀kan ń rìn ni gbogbo ọgbọ́n ibẹ̀. Tí gbogbo wọn bá rìn bákan náà, orí kò yí, ó kàn sún sí ẹ̀gbẹ́ ni.

Ẹni tí a ó máa yí ni Ìyá Oníwàrà, àgbàlagbà obìnrin tó ń ta wàrà ní Ìlọrin, tó kọ pélé mẹ́ta-mẹ́ta sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, tó sì wé gèlè aṣọ òfì. Mo dìídì yan pélé àti òfì, nítorí pé ìlà ló ń kọ́kọ́ fi hàn tí yíyí bá burú. Moho Pro, ẹ̀rọ ìṣekàtúùnù orí kọ̀ǹpútà, ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ, torí Smart Bones tó wà nínú rẹ̀, ìyẹn bone (egungun) tí a ń tì láti fi darí àwòrán, ni mo rí pé ó rọrùn jù fún iṣẹ́ yìí. Owó ni wọ́n fi ń ra Moho, àmọ́ wọ́n fàyè gba kí ẹ dán an wò fún 30 ọjọ́. Ẹni tó ń lo ẹ̀rọ mìíràn kò pàdánù nǹkan kan. Mo ní ọ̀rọ̀ fún yín nísàlẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lára orí

Ẹ mú ọsàn kan. Ẹ fi báírò ya ojú méjì, imú, ẹnu àti pélé mẹ́ta-mẹ́ta sí i lára. Ẹ gbé e sí iwájú ojú yín, ẹ di ojú kan, kí ẹ wá máa yí ọsàn náà díẹ̀díẹ̀ sí ọ̀tún. Ẹ ó rí nǹkan mẹ́ta. Ohun tó wà láàárín ń sáré. Ohun tó ń sún mọ́ etí ọsàn ń rọra rìn, ó sì ń fún pọ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn, tí a kò rí, ń lọ sí òdìkejì.

A lè fi ìṣirò mú un, kò sì le. Ká ní láti àárín orí dé etí rẹ̀ jẹ́ 100. Ohun kọ̀ọ̀kan lójú ní ibi tó jókòó sí, tí a ń fi dígírì kà láti àárín iwájú: imú wà ní 0, ojú kọ̀ọ̀kan wà ní nǹkan bí 25, etí wà ní 90. Tí orí bá yí, ẹ fi iye dígírì tó yí kún ti ohun náà, ẹ tẹ sin lórí ẹ̀rọ ìṣirò inú fóònù yín, kí ẹ fi 100 sọ ọ́ di púpọ̀. Ibi tí ohun náà yóò wà nìyẹn, láti àárín. Apá òsì ni à ń fi àmì ìyọkúrò sí.

Ẹ jẹ́ ká yí orí Ìyá sí ọ̀tún ní 30 dígírì. Ojú ọ̀tún, tó wà ní 42 tẹ́lẹ̀, bọ́ sí 82. Ojú òsì, tó wà ní -42, bọ́ sí 9. Ó ti kọjá àárín! Ẹnu kúrò ní 0, ó dé 50. Imú yọ síta ju awọ ojú lọ, torí náà ẹ fún un ní 115 dípò 100. Òun náà yóò dé 58. Ẹ wo ìyàtọ̀ ẹnu àti imú yẹn: 8 péré ni, àmọ́ tí ẹ bá gbàgbé rẹ̀, imú Ìyá yóò tẹ́ bí ẹni fi pátákó gbá a.

Kì í ṣe ibi tí nǹkan wà nìkan ló ń yí padà, bó ṣe fẹ̀ náà ń yí. Ojú ọ̀tún tó ti lọ sí ẹ̀bá yóò fún títí yóò fi kù sí nǹkan bí 63% fífẹ̀ tó ní tẹ́lẹ̀, nígbà tí ojú òsì tó dé àárín yóò fẹ̀ sí i ní nǹkan bí 10%. Gíga wọn kò yí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sún ojú méjèèjì, wọ́n á sì fi fífẹ̀ wọn sílẹ̀ bó ṣe wà. Ìdí tí ojú ẹni inú kàtúùnù wọn fi ń dà bí ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn nìyẹn.

Pélé wá ni ẹlẹ́rìí. Ká ní àwọn mẹ́ta tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún jókòó sí 40, 50 àti 60 dígírì. Ní iwájú gan-an, wọ́n wà ní 64, 77 àti 87. Tí orí bá yí ní 30, wọ́n di 94, 98 àti 100: wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọnú ara wọn ní etí ojú. Ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, àwọn mẹ́ta tiwọn bọ́ sí -17, -34 àti -50, àlàfo àárín wọn sì gbòòrò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Tí ẹ bá yí orí dé 45, méjì nínú pélé ọ̀tún ti wọ ẹ̀yìn, ẹ kò gbọ́dọ̀ rí wọn mọ́. Ayàwòrán tó bá sún pélé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀ ti fi ara rẹ̀ hàn.

Kì í ṣe pé ẹ gbọ́dọ̀ máa ṣírò gbogbo rẹ̀ títí ayé o. Ẹ ṣe é fún orí kan, ojú yín á mọ̀ ọ́n.

Ẹ lọ wo ohun tó ní ara gidi

Orí ènìyàn kì í ṣe ọsàn. Láti iwájú orí dé ìpàkọ́ gùn ju láti etí kan dé èkejì lọ, nítorí náà, bí orí bá ṣe ń yí sí ẹ̀gbẹ́ ló ń fẹ̀ sí i lójú ẹni tó ń wò ó. Egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ a máa yọ síta, ihò ojú a wọlé, àgbọ̀n a tún yọ. Ìṣirò kò lè sọ èyí fún yín. Ẹ ní láti wò ó.

Àwa tí a wà ní Kwara ní ibi tó dára fún un. Èsìẹ́, ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà; ọdún 1945 ni wọ́n ṣí i. Láti Ìlọrin, ẹ gba Àjàsẹ́-Ìpo kọjá sí Òrò, kò jìnnà síbẹ̀ mọ́. Àwọn ère òkúta tó wà níbẹ̀ pọ̀ lọ súà, ọ̀pọ̀ nínú wọn jókòó, wọ́n di irun tàbí wọ́n dé fìlà, àwọn mìíràn sì ní ilà lójú. Ère kì í mira, kì í rẹ́rìn-ín, kì í sọ pé ó ti rẹ òun. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ bóyá ẹ lè ya fọ́tò. Tí wọ́n bá gbà, ẹ yan ère kan tó ṣeé yí po, ẹ dúró ní ibi tó jìnnà sí i bákan náà ní gbogbo ìgbà, ẹ gbé fóònù sí gíga ojú ère, kí ẹ ya á ní iwájú, ní ìlàjì, ní ẹ̀gbẹ́, títí ẹ ó fi dé ẹ̀yìn. Ìlàjì tí mò ń wí ni 45 dígírì, láàárín iwájú àti ẹ̀gbẹ́. Ẹ má sún fọ́tò náà súnmọ́ pẹ̀lú zoom ní ọ̀kan kí ẹ má ṣe é ní òmíràn. Bí wọn kò bá gbà, ẹ jókòó kí ẹ fi pẹ́ńsù yà á; bóyá ìyẹn gan-an ló dára jù.

Ẹni tí kò ráyè lọ lè gbé àbúrò rẹ̀ jókòó sórí àpótí, kí ó máa yí i. Ẹ wé gèlè fún un.

Yíya orí ní ègé

Ẹ ya Ìyá ní iwájú gan-an, ojú kò gbọdọ̀ tẹ̀ síbì kan. Ẹ fi ègé kọ̀ọ̀kan sí lẹ́yà tirẹ̀, ìyẹn ìpele àwòrán tó dá dúró, tí a ń tò lé ara wọn. Láti ẹ̀yìn wá sí iwájú, bí mo ṣe ń tò wọ́n nìyí: ẹ̀yìn gèlè, etí ẹ̀yìn, ọrùn, awọ ojú, pélé, ẹnu, ojú òsì, ojú ọ̀tún, irun ojú, imú, etí iwájú, iwájú gèlè, kókó gèlè, yẹtí.

Etí ti di ẹ̀dà méjì-méjì, ẹ ṣàkíyèsí. Tí orí bá yí sí ọ̀tún, etí ọ̀tún yóò wọ ẹ̀yìn awọ ojú, etí òsì yóò sì bọ́ síwájú. Lẹ́yà kan náà kò lè wà níwájú àti lẹ́yìn pọ̀, torí náà ẹ ya etí kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀yìn, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sí iwájú, kí ẹ wá máa fi ọ̀kan pamọ́ bí ẹ bá ń fi èkejì hàn. Moho lè yí ètò lẹ́yà padà láàárín eré, àmọ́ ẹ̀dà méjì yìí kò ní dà yín láàmú nínú ẹ̀rọ kankan.

Ẹ ya ohun tí a kò rí. Ẹyin ojú gbọ́dọ̀ pé roboto lábẹ́ ìpéǹpéjú. Awọ ojú gbọ́dọ̀ gòkè wọ abẹ́ gèlè dáadáa. Ọrùn gbọ́dọ̀ gòkè dé àárín orí. Ibi tí ẹ bá gé kúrú ni ihò yóò ti ṣí nígbà tí orí bá yí.

Pọ́íǹtì díẹ̀, ìyẹn àmì orí ìlà tí a ń dì mú láti gbé ìlà náà, ni kí ẹ lò. Awọ ojú Ìyá kò nílò ju pọ́íǹtì 8 sí 10 lọ: ọ̀kan ní àgbọ̀n, ọ̀kan ní igun ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan ní egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, ọ̀kan ní ihò ojú, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Pọ́íǹtì ihò ojú yẹn ni ọ̀pọ̀ ayàwòrán kì í fi sí i, torí ní iwájú gan-an kò ní iṣẹ́ kankan. Nígbà tí ojú bá dé ìlàjì, òun ni yóò wọlé díẹ̀ lókè egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ kí ojú lè ní ìrísí ènìyàn.

Imú ló le jù. Ní iwájú, ihò imú méjì àti ìlà kékeré lábẹ́ rẹ̀ ti tó. Ní ìlàjì, ẹ nílò ìlà kan tó ti àárín ojú méjèèjì sọ̀kalẹ̀ dé ṣóńṣó imú. Ẹ ya ìlà yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ sọ sísanra rẹ̀ di 0 ní iwájú gan-an; bí orí bá ṣe ń yí ni kí ó máa nípọn. Ihò imú tó wà ní ẹ̀gbẹ́ tó jìnnà yóò máa fún títí yóò fi pòórá ní nǹkan bí ìlàjì.

Bone tó ń darí yíyí

Nínú Moho, ẹ ṣí Bone layer, kí ẹ kó gbogbo lẹ́yà orí sínú rẹ̀. Ẹ ya bone ọrùn àti ti orí bó ṣe máa ń rí. Lẹ́yìn náà ni ẹ wá ya bone kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́, tí kò so mọ́ èyíkéyìí. Ẹ rí i pé kò sí bone tí ẹ yàn nígbà tí ẹ fẹ́ ya á, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò di ọmọ bone ìṣáájú. Ẹ jẹ́ kó nàró sókè, kó fi jẹ́ pé tí ẹ bá tì í sí ọ̀tún, Ìyá wo ọ̀tún. Ẹ sọ ọ́ ní ori-x. Mi ò fi àmì ohùn sí orúkọ bone, torí ẹ ó tún orúkọ náà tẹ̀ níbòmíràn, wọ́n sì gbọ́dọ̀ bára mu láìku lẹ́tà kan.

Nǹkan méjì ni kí ẹ ṣe sí bone yìí kí ẹ tó tẹ̀ síwájú. Ẹ sọ agbára rẹ̀, ìyẹn strength, di 0, kó má baà máa fa awọ ojú kiri. Kí ẹ sì lọ sí Bone Constraints, kí ẹ há a mọ́ àárín -45 àti 45.

Ẹ ṣí fèrèsé Actions. Ẹ ṣẹ̀dá action tuntun, ìyẹn ìrìn tí bone yóò máa darí, kí orúkọ rẹ̀ jẹ́ ori-x, bákan náà pẹ̀lú bone. Nínú action yìí, ẹ lọ sí frame 30 (frame ni àwòrán kọ̀ọ̀kan tó ń tẹ̀ léra nínú eré), ẹ tẹ bone náà sí ọ̀tún títí dé 45. Níbẹ̀, láì kúrò ní frame 30, ni ẹ ti máa gbé gbogbo pọ́íǹtì lọ sí ibi tó yẹ kí wọ́n wà tí Ìyá bá wo ọ̀tún ní ìlàjì. Tí ẹ bá ṣe tán, ẹ padà sí Mainline, ìyẹn eré gangan, ẹ ti bone náà, ẹ ó sì rí ojú tó ń tẹ̀ lé e. Apá òsì ní action tirẹ̀: ori-x 2, pẹ̀lú àlàfo kan ṣáájú 2 yẹn.

Nínú action, ẹ sọ keyframe bone, ìyẹn àmì ibi tí ẹ gbé bone sí ní frame kan, di linear, kí ó lè máa rìn ní ìyára kan náà. Tí wọ́n bá rọra gbéra tí wọ́n sì rọra dúró, yíyí yóò máa fà níbì kan, yóò máa sáré níbòmíràn, ẹ ò sì ní mọ ohun tó fà á.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti imú, torí òun ló ń rìn jù, òun sì ni òǹwòran ń fi mọ ibi tí ojú kọ sí. Ní 45, imú wà ní 81. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ojú: ọ̀tún ní 94, òsì ní 34. Ẹnu tẹ̀ lé imú, àmọ́ ìdajì tó jìnnà gbọ́dọ̀ kúrú ju ìdajì tó súnmọ́ lọ. Àgbọ̀n rìn díẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni awọ ojú, tí ẹ ó fi egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún yọ síta, tí ẹ ó sì fẹ ẹ̀gbẹ́ òsì kí àgbárí lè hàn lẹ́yìn etí. Ẹ fi mask há ojú àti pélé mọ́ inú awọ ojú, kí pélé tó wọ ẹ̀yìn lè pòórá fúnra rẹ̀.

Gèlè gba ìrònú. Iwájú rẹ̀ rìn sí ọ̀tún pẹ̀lú imú, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ sí òsì. Òkè rẹ̀ tó wà ní àárín orí gan-an kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mira. Ìrìn òdìkejì yìí ló ń mú kí orí ní ìjìnlẹ̀. Bí mo bá ní ìṣẹ́jú kan péré láti tún orí elòmíràn ṣe, ẹ̀yìn gèlè tàbí ẹ̀yìn irun ni màá kọ́kọ́ gbá mú.

Ẹ padà wá sí frame 15, níbi tí bone wà ní 22.5. Ẹ̀rọ ti bá yín ṣírò ibẹ̀, àmọ́ ìlà gbọọrọ ló fà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, orí tó rí roboto kì í sì í rìn bẹ́ẹ̀. Ojú ọ̀tún tí ẹ̀rọ gbé sí 68, 74 ló yẹ kó wà. Ẹ tún un ṣe. Imú kò yàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹ lè fi í sílẹ̀. Pélé ọ̀tún ni ẹ gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ gbé, torí etí ojú ni wọ́n wà, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe ẹ̀rọ ti pọ̀ jù.

Ká má dà á kọ

Ìdẹwò kan wà: kí ẹ parí apá ọ̀tún, kí ẹ kàn dà á kọ sí òdìkejì, bí ìgbà tí a wò ó nínú dígí, kó di apá òsì. Tí ojú bá bára mu lọ́tùn-ún lósì, kò burú fún awọ ojú àti ẹnu. Kókó gèlè wà ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, tí ẹ bá dà á kọ, yóò fò kọjá. Pélé tí wọ́n kọ ní àìdọ́gba náà yóò yí padà. Èyí tó burú jù ni kí ẹ da gbogbo ara kọ. Ìyá tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún na wàrà sí oníbàárà yóò wá máa fi ọwọ́ òsì nà án, ẹ má sì rò pé àwọn òǹwòran wa ò ní rí i. Kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ yín rárá, wọ́n á ti béèrè ta ló kọ́ ìyá yìí ní ìwà.

Wíwo òkè àti wíwo ilẹ̀

Ẹ ṣe bone kejì, ori-y, bákan náà. 20 sí 25 dígírì tó. Tí Ìyá bá gbójú sókè, imú àti ẹnu gòkè, etí dúró síbi tí wọ́n wà, ìlà tó so ojú méjèèjì pọ̀ sì tẹ̀ bí ọrun, àárín rẹ̀ lókè. Abẹ́ àgbọ̀n ń hàn, iwájú gèlè ń kúrú. Tí wọ́n bá wo ilẹ̀, gbogbo rẹ̀ yí padà: etí ga ju ojú lọ, òkè gèlè fẹ̀ sí i, ìpéǹpéjú bo ẹyin ojú díẹ̀.

Wàhálà ń bẹ ní igun. Tí ẹ bá ti bone méjèèjì pọ̀, kí Ìyá wo òkè ọ̀tún, Moho yóò kàn fi ìrìn kan kún èkejì, ojú tó jìnnà á sì fẹ́ yọ jáde. Ohun tí mo máa ń ṣe ni kí n dín ori-y kù kí ó má pọ̀ jù, lẹ́yìn náà kí n ṣe bone kékeré kẹta tó ń tún etí ojú ṣe ní igun nìkan. Live2D, ẹ̀rọ àwọn ará Japan tí wọ́n ṣe fún irú yíyí yìí gan-an, ní àṣẹ tó ń bá ènìyàn ṣẹ̀dá igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fúnra rẹ̀. Síbẹ̀ ọwọ́ ni wọ́n fi ń parí rẹ̀ níbẹ̀ náà.

Tó bá kọjá 45

Ẹ má fa ojú kan ṣoṣo dé ẹ̀gbẹ́. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń ṣe é, ó sì ń jáde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àmọ́ ohun tí ẹ ó rí gbà kò tó iye pọ́íǹtì tí ẹ ó fi ọwọ́ gbé. Ẹ ya ìwò ẹ̀gbẹ́ lọ́tọ̀, ẹ ya ìwò ẹ̀yìn lọ́tọ̀, kí ẹ kó wọn sínú Switch layer, lẹ́yà tó ń fi ọ̀kan ṣoṣo hàn nínú ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ fún ìwò ẹ̀gbẹ́ ní bone tirẹ̀, tó lè yí i padà wá sí ìlàjì. Ní ìlàjì yìí ni orí méjèèjì ti gbọ́dọ̀ bára mu: ẹ gbé ọ̀kan lé èkejì, ẹ dín híhàn ti òkè kù, kí ẹ tò wọ́n títí imú, ojú, etí àti àgbọ̀n á fi bọ́ síbì kan náà.

Ẹ pààrọ̀ wọn ní frame tí Ìyá ń ṣẹ́jú, tàbí níbi tí orí ti ń sáré jù. Ẹnikẹ́ni ò ní rí i.

Kí ẹ tó ṣe wàhálà yìí, ẹ ka ìtàn yín lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìyá tó jókòó ti igbá wàrà, tó ń dá oníbàárà lóhùn lọ́tùn-ún lósì, kò nílò ìpàkọ́.

Ara àti aṣọ

Ara rọrùn ju orí lọ. Èjìká méjèèjì ń súnmọ́ra: tí wọ́n bá wà ní 100 àti -100, ní 45 wọ́n di 71 àti -71. Èjìká tó súnmọ́ wa bọ́ síwájú àyà, èyí tó jìnnà wọ ẹ̀yìn.

Aṣọ òfì ni kí ẹ fojú sí. Ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni àwọn ahunṣọ Ìlọrin ń hun, tí wọ́n á sì rán pọ̀, nítorí náà ojú rírán ń sọ̀kalẹ̀ lára aṣọ náà ní àlàfo kan náà. Ní àárín ara, ọ̀já kọ̀ọ̀kan fẹ̀. Bó ṣe ń lọ sí ẹ̀gbẹ́ ló ń fún, gẹ́gẹ́ bí pélé. Tí ẹ bá fi aṣọ náà ṣe àwòrán pẹrẹsẹ tí ẹ kàn lẹ̀ mọ́ ara, Ìyá yóò máa yí, aṣọ yóò dúró. Ẹ ya ojú rírán mẹ́fà sí mẹ́jọ gẹ́gẹ́ bí ìlà, kí ẹ sì gbé wọn pẹ̀lú bone ara. Bí iṣẹ́ bá pọ̀ lọ́wọ́ yín, ẹ wọ ankara aláwọ̀ kan fún Ìyá, kí gbogbo wa sinmi.

Kí yíyí náà tó ní ẹ̀mí

Bone ti wà, àmọ́ kì í ṣe kí ẹ kàn tì í láti òsì sí ọ̀tún. Ní 24 frame ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, frame 12 tó fún ọmọdé láti yí orí. Fún àgbàlagbà bíi Ìyá, 18 sí 20 ló bá ọjọ́ orí mu.

Ẹyin ojú ló ń kọ́kọ́ lọ, frame 2 tàbí 3 ṣáájú orí. Orí tẹ̀ lé e, èjìká tẹ̀ lé orí. Láàárín ọ̀nà, ẹ fi ori-y tẹ orí wálẹ̀ díẹ̀ kí ó tó gòkè padà, torí orí ènìyàn kì í gba ọ̀nà tààrà. Ibẹ̀ náà ni kí ẹ jẹ́ kí Ìyá ṣẹ́jú. Nígbà tí orí bá dé, ẹ jẹ́ kó kọjá pẹ̀lú dígírì 2 tàbí 3, kí ó padà. Yẹtí àti etí gèlè tó dá wà yóò pẹ́ ju orí lọ ní frame 3 sí 4.

Tí ẹnì kan bá pe Ìyá tí wọn ò fẹ́ dá a lóhùn, ẹ yí ẹyin ojú nìkan, kí orí má mira. Ìyẹn dùn ún wò ju yíyí tó dára jù lọ.

Fún ẹni tí kò ní Moho

Ẹ̀rọ yòówù tó bá lè gba keyframe lára pọ́íǹtì lè ṣe é. Ẹ ya yíyí náà gẹ́gẹ́ bí eré kékeré: frame 0 ni ìlàjì òsì, frame 30 ni iwájú, frame 60 ni ìlàjì ọ̀tún. Ẹ kó o sínú àpò kan, kí ẹ wá máa yan frame tí ẹ fẹ́ láti òde. Nínú After Effects, ẹ lo Time Remap lórí precomp, ìyẹn àpò tí mo wí. Nínú Adobe Animate, ẹ sọ ọ́ di graphic symbol, kí ẹ yan frame. Nínú Synfig Studio, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, group layer ní Time Offset. Blender náà jẹ́ ọ̀fẹ́. Grease Pencil inú rẹ̀ ní modifier Time Offset, ó sì tún fàyè gba kí ẹ gbé imú síwájú, kí ẹ gbé gèlè sẹ́yìn nínú àyè 3D gidi, tí ìrìn òdìkejì yóò fi ṣẹlẹ̀ fúnra rẹ̀. Fífún ojú pọ̀ àti títún awọ ojú ṣe ṣì wà lọ́wọ́ yín.

Àyẹ̀wò

Ẹ tan autosave kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ action kankan, ẹ mọ iná wa. Lẹ́yìn tí ẹ bá ṣe tán, ẹ kun gbogbo lẹ́yà ní dúdú, kí ẹ yí orí láti òsì dé ọ̀tún. Tí ẹ kò bá lè sọ ibi tí Ìyá ń wò láti ara òjìji nìkan, awọ ojú àti gèlè ni ẹ ní láti padà sí. Ojú àti ẹnu kọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ dá àwọ̀ padà, ẹ fi ẹnu pamọ́, ẹ fi irun ojú pamọ́, kí ẹ wo imú àti pélé nìkan bí wọ́n ṣe ń rìn. Ẹ gbé e jáde ní fídíò kékeré, kí ẹ wò ó lórí fóònù, torí orí WhatsApp ni ọ̀pọ̀ òǹwòran yóò ti rí i. Ìlà tó bá tẹ́ẹ́rẹ́ jù lórí fóònù, pàápàá pélé ẹ̀gbẹ́ tó jìnnà, ẹ mú kó nípọn díẹ̀ nínú action, kì í ṣe nínú lẹ́yà, kí iwájú gan-an má baà yí padà.